Orúkọ Onígun-Púpọ̀ Kì í Ṣe Ohun Àkọ́sórí

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìṣirò, àwọn òbí àti àwọn tó ń ṣe ìwé ẹ̀kọ́, pé orúkọ àwọn àwòrán onígun-púpọ̀, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ sí pentagon, hexagon, heptagon àti irú wọn, kò ju ohun tí à ń kọ́ sórí lọ. Kí olùkọ́ kọ wọ́n sójú pátákó, kí àwọn ọmọ máa pè é tẹ̀lé e, kí wọ́n dà á kọ sínú ìwé wọn, kí iṣẹ́ gidi, ìyẹn ìṣirò, wá bẹ̀rẹ̀. Lójú àwọn tó di èrò yìí mú, ẹni tó bá ń ṣàlàyé ibi tí orúkọ ti ṣẹ̀ wá ń fi àkókò ṣòfò ni, ẹni tó bá sì wá ń fi Yorùbá ṣe àlàyé náà, ńṣe ló ń dá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ìmọ̀. Àròkọ yìí tako èrò méjèèjì. Ohun tó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé orúkọ onígun-púpọ̀ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ nípa wọn, pé ìtumọ̀ tó wà nínú ìpìlẹ̀ orúkọ náà ló yẹ kí a fi kọ́ ọmọ, àti pé fún ọmọ Yorùbá, inú èdè Yorùbá ni ọ̀nà tó yá jù lọ sí ìtumọ̀ náà gbà kọjá.

Onígun-púpọ̀ ni àwòrán tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ìlà títọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yí ká láìsí àlàfo. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní ẹ̀gbẹ́, ibi tí ẹ̀gbẹ́ méjì bá sì ti pàdé ni igun. Polygon tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí inú èdè Gíríìkì ló ti wá, níbi tí poly ti túmọ̀ sí púpọ̀, tí gonia sì túmọ̀ sí igun, tó fi jẹ́ pé ohun tí Gíríìkì ń wí ni Yorùbá náà ń wí nígbà tó bá pè é ní onígun-púpọ̀. Àwọn orúkọ tó kù tẹ̀lé ìlànà kan náà: penta ni aárùn-ún, hexa ni ẹẹ́fà, hepta ni eéje, okta ni ẹẹ́jọ, deka ni ẹẹ́wàá, hendeka ni oókànlá, dodeka sì ni eéjìlá. Bí a bá so gonia mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a ó rí pentagon, hexagon, heptagon, octagon, decagon, hendecagon àti dodecagon, èyí tí Yorùbá lè pè ní onígunmárùn-ún, onígunmẹ́fà, onígunméje, onígunmẹ́jọ, onígunmẹ́wàá, onígunmọ́kànlá àti onígunméjìlá. Àwọn orúkọ díẹ̀ gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù wá, nítorí triangle àti quadrilateral jẹ́ ti èdè Látíìnì, àkọ́kọ́ túmọ̀ sí igun mẹ́ta, èkejì sì túmọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin.

Gbogbo orúkọ wọ̀nyí, nígbà náà, ló ń sọ̀rọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹni tó bá sì gbọ́ Ìdòwú kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi orin kọ́ òun pé lẹ́yìn ìbejì ni wọ́n bí ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá gbọ́ Àlàbá ti mọ̀ pé Ìdòwú ti ṣáájú. Bí pentagon ti rí létí ọmọ Gíríìkì nìyẹn: bó ti ń gbọ́ orúkọ ló ń gbọ́ iye igun. Ìgbà tí orúkọ náà wọ inú kíláàsì tí kò sẹ́ni tó gbọ́ Gíríìkì níbẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ pa, olùkọ́ tó bá sì ní kí ọmọ kọ́ ọ sórí láìtú u ti fara mọ́ ọn pé kí ó máa yadi lọ.

Àwọn tó gba àkọ́sórí gbọ́ yóò sọ pé kò sí aburú nínú ìyẹn, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ti mọ̀ pé hexagon ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú gan-an nìyí, nítorí ohun tí àkọ́sórí ń so orúkọ mọ́ kì í ṣe iye, àwòrán inú ìwé ni. Kí olùkọ́ ya lẹ́tà L tó fẹ̀ sójú pátákó, irú èyí tí ìlà yí etí rẹ̀ ká, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ti ń pe hexagon láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé kí ni orúkọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn yóò ní kò lórúkọ, tàbí kí wọ́n ní onígunmẹ́rin méjì tí a so pọ̀ ni, nítorí hexagon tí ìwé fi hàn wọ́n dọ́gba yíká bí ojú afárá oyin, èyí tó wà níwájú wọn kò sì jọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a sọ fún wọn pé hexa ni ẹẹ́fà, pé gonia ni igun, kí wọ́n wá ka igun L náà: méjì wà lókè, méjì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan wà ní ìparí apá kúkúrú, ẹ̀kẹfà sì ni èyí tó kọjú sínú níbi tí apá méjèèjì ti pàdé. Mẹ́fà pé. Hexagon ni L, kò sì sí ìwé tó lè gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni àwòrán àgbélébùú tí ìlà yí etí rẹ̀ ká jẹ́ onígunméjìlá, tí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún, èyí tí ọ̀pọ̀ yóò yára pè ní pentagon, sì jẹ́ onígunmẹ́wàá, nítorí igun márùn-ún ló nà síta, tí márùn-ún mìíràn sì wọ inú. Ọmọ tó mọ ìpìlẹ̀ orúkọ ní ohun tó lè fi yanjú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó kọ́ ọ sórí yóò máa wojú olùkọ́.

Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ tún wà nínú àwọn orúkọ náà, àkọ́sórí sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Igun ni pentagon ń kà, ẹ̀gbẹ́ ni quadrilateral ń kà. Kí ló dé tí èyíkéyìí nínú méjèèjì fi lè tó láti dárúkọ àwòrán? Ọmọ tó bá béèrè ìbéèrè yìí ti wọ inú ìmọ̀ jẹ́ọ́mẹ́tírì, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ni pé nínú onígun-púpọ̀, iye igun àti iye ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba, ó sì yẹ kí ọmọ mọ ìdí rẹ̀. Kí olùkọ́ fún un ní ọwọ̀ ìgbálẹ̀ márùn-ún tí gígùn wọn dọ́gba, kí ó ní kó tò wọ́n lórí tábìlì, kí ìdí èyí máa kan orí èyí, láìjẹ́ kí ìkẹyìn padà kan àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ márùn-ún ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi ìpàdé mẹ́rin péré ni ọmọ yóò kà. Nígbà tó bá wá yí wọn po tí ìgbálẹ̀ ìkẹyìn kan ti àkọ́kọ́, igun karùn-ún yóò yọ, ọmọ náà yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí 'láìsí àlàfo' ń ṣe nínú àlàyé tí a fún onígun-púpọ̀. Euclid, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì tó kọ ìwé jẹ́ọ́mẹ́tírì rẹ̀ ní Alexandria ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, lo ọ̀nà méjèèjì: nínú àwọn àlàyé tó fi bẹ̀rẹ̀ ìwé kìíní, iye ẹ̀gbẹ́ ló fi pín àwọn àwòrán náà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìwé kẹrin, níbi tó ti kọ́ni bí a ṣe ń ya onígunmárùn-ún àti onígunmẹ́fà sínú òbírí, iye igun ló fi pè wọ́n. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ló gbé ìbéèrè yìí wá, kíláàsì tí kò bá tú orúkọ kò sì ní bá a pàdé láéláé.

Àwọn alátakò a máa sọ pé ìṣirò ni ìdánwò ń fẹ́, kì í ṣe ìtàn ọ̀rọ̀. Kí a wo ìṣirò náà nígbà náà. Bí a bá dúró ní igun kan nínú onígun-púpọ̀ tí gbogbo igun rẹ̀ nà síta, tí a sì fa ìlà lọ sí gbogbo igun tí kò bá a múlé gbè é, àwòrán náà yóò pín sí onígunmẹ́ta tí iye wọn fi méjì dín sí iye ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí pé àpapọ̀ igun inú onígunmẹ́ta kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígírì 180, onígunmárùn-ún yóò ní onígunmẹ́ta mẹ́ta nínú, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 540. Onígunmẹ́fà yóò ní mẹ́rin, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 720. Onígunmẹ́jọ yóò ní mẹ́fà, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 1080. Ìlànà yìí mú kódà nínú L tí a yà lẹ́ẹ̀kan, nítorí igun márùn-ún rẹ̀ jẹ́ dígírì 90 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 450, igun tó kọjú sínú jẹ́ 270, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 720 géérégé, bí ó ti yẹ onígunmẹ́fà. Nígbà mìíràn, ìbéèrè ìdánwò kì í sọ iye ẹ̀gbẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wá igun inú octagon tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ àti igun rẹ̀ dọ́gba, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sì fa iye náà yọ láti inú orúkọ. Èyí tó bá ṣi octagon mú fún heptagon yóò pín 900 sí 7, iṣẹ́ rẹ̀ yóò mọ́, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì kùnà, nígbà tí ẹni tó mọ̀ pé ẹẹ́jọ ni okta yóò pín 1080 sí 8, yóò sì rí 135. Inú orúkọ ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní kí a fo orúkọ kí a lè tètè dé orí ìṣirò ń fo ìlà àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà.

Ìdí mìíràn tí èrò àkọ́sórí fi lágbára ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orúkọ Gíríìkì wọ̀nyí ni ìmọ̀ fúnra rẹ̀, pé a kò lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn dípò wọn kí ìmọ̀ má bàjẹ́. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí al-Hajjaj àti àwọn mìíràn tú ìwé Euclid sí èdè Lárúbáwá ní Bàgídáàdì, ní ayé àwọn ọba Hárúnù al-Rashid àti al-Ma'mun, wọn kò kó orúkọ Gíríìkì lọ. Láti inú òǹkà ara wọn ni wọ́n ti ṣẹ̀dá orúkọ, tí wọ́n fi pe onígunmẹ́ta ní muthallath, onígunmárùn-ún ní mukhammas, onígunmẹ́fà sì ní musaddas, láti inú ẹẹ́ta, aárùn-ún àti ẹẹ́fà wọn. Láti inú Lárúbáwá yìí ni Adelard ará ìlú Bath ti tú ìwé náà sí Látíìnì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, tó fi jẹ́ pé Yúróòpù gba Euclid padà lọ́wọ́ àwọn tó ti fi èdè ara wọn rò ó. Ní ọdún 1607, Xu Guangqi àti Matteo Ricci gbé ìwé mẹ́fà àkọ́kọ́ ti Euclid jáde ní èdè Ṣáínà, títí di òní sì ni ọmọ Ṣáínà ń pe onígunmẹ́ta ní orúkọ tó ka igun, tó ń pe onígunmárùn-ún ní orúkọ tó ka ẹ̀gbẹ́, méjèèjì láti inú èdè ilé rẹ̀. Ọmọ Jámánì ń pe pentagon ní Fünfeck, níbi tí fünf ti jẹ́ aárùn-ún tí Eck sì jẹ́ igun, ilẹ̀ Jámánì náà ló sì bí Gauss onímọ̀ ìṣirò, ẹni tó jẹ́ pé ní ọdún 1796, kí ó tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló fi hàn pé rúlà àti kọ́ńpáàsì tó láti ya onígunmẹ́tàdínlógún tó dọ́gba yíká. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìmọ̀ jẹ́ọ́mẹ́tírì bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí nítorí pé wọ́n fi èdè ìyá wọn dárúkọ igun.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá mọ ìṣòro yìí. Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales tó kọ́kọ́ fi àmì ìdọ́gba lélẹ̀ nínú ìwé ní ọdún 1557, ti gbé ìwé jẹ́ọ́mẹ́tírì jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1551, ó sì wá orúkọ tí ará ìlú rẹ̀ lè tètè gbọ́ fún àwọn àwòrán náà, ó pe onígunmárùn-ún ní cinkangle, ó sì pe onígunmẹ́fà ní siseangle, láti inú òǹkà tí àwọn tó ń ta ayò dáìsì ń lò nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ kò dúró, àwọn tó tẹ̀lé e padà sí ti Gíríìkì, èyí sì wà lára ohun tí àwọn alátakò lè fi gbèjà ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìtàn náà kọ́ni ni pé ọkùnrin tó mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀ rí i pé orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdènà, ó sì kà á sí iṣẹ́ olùkọ́ láti mú ìdènà náà kúrò. Níwọ̀n bí Gẹ̀ẹ́sì ti yan orúkọ Gíríìkì, ohun tó kù fún olùkọ́ ni láti tú u.

Nípa ti Yorùbá, ìtúmọ̀ náà kò jìnnà rárá, nítorí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí à ń wí ti wà lẹ́nu àwọn ọmọ kí wọ́n tó dé ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àádọ́ta, nítorí pé ọjọ́ àádọ́ta lẹ́yìn Ìrékọjá ni àjọ̀dún náà máa ń bọ́ sí. Penta tó wà nínú pentagon ni ó wà níbẹ̀, tí a sọ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ọmọ tó ń lọ sí ilé kéú, àti ọ̀pọ̀ tí kò tilẹ̀ lọ síbẹ̀, ń pe ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ní Àtàlátà, Àlàrùbá àti Àlàmísì, ìyẹn ọjọ́ kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún nínú kíkà Lárúbáwá, láti inú ìpìlẹ̀ kan náà tí muthallath, murabba' (onígunmẹ́rin wọn) àti mukhammas ti jáde. Aárùn-ún Gíríìkì wà nínú àjọ̀dún kan, aárùn-ún Lárúbáwá wà nínú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan, Yorùbá sì ti gba méjèèjì mọ́ra. Olùkọ́ tó bá mọ èyí, tí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, gbé ohun tí wọ́n ti mọ̀ sílẹ̀, kò ní nílò láti fi ọ̀pá lé penta wọ orí ẹnikẹ́ni.

Àtakò tó wọ́pọ̀ jù lọ sí gbogbo èyí ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC àti NECO fi ń ṣe ìdánwò, nítorí náà kí a má fi onígunmẹ́fà dí ọmọ lọ́wọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ má mọ hexagon. Ohun tí à ń sọ ni pé ọmọ tó ti mọ onígunmẹ́fà ní ohun kan tí yóò so hexagon mọ́, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò sì ní nǹkan kan àfi ìró. Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò nílẹ̀ Yorùbá gan-an, nítorí láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà nínú èyí tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ náà, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ìjọba náà kéde ní ọdún 2025 pé òun ti fagi lé. Àṣìṣe ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ìkéde tó lè ní kí olùkọ́ má sọ fún ọmọ pé igun ni gonia.

Àtakò kejì ni pé Gíríìkì jẹ́ èdè àjèjì mìíràn, pé kíkọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹrù lórí ẹrù. Ìpìlẹ̀ tí à ń wí kò ju bíi mẹ́wàá lọ, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe kò pin sí jẹ́ọ́mẹ́tírì. Diagonal ni ìlà tó la inú àwòrán kọjá láti igun dé igun, nítorí dia ni àlàkọjá. Trigonometry ni wíwọn onígunmẹ́ta, nítorí metron ni ìwọ̀n. Isosceles ni ẹlẹ́sẹ̀ dídọ́gba, nítorí isos ni ìdọ́gba, skelos sì ni ẹsẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé kíláàsì kẹ́mísírì, yóò bá pentane, hexane, heptane àti octane pàdé, àwọn èròjà inú epo rọ̀bì tí iye átọ̀mù kábọ́ọ̀nù wọn jẹ́ márùn-ún, mẹ́fà, méje àti mẹ́jọ, àkọ́sórí tuntun kò sì ní sí fún un níbẹ̀. Ẹni tó ń ka èyí sí ẹrù kò tíì ka iye ẹrù tí àkọ́sórí ń dì rù ọmọ láti iṣẹ́ dé iṣẹ́.

Àtakò kẹta ló ní òótọ́ nínú jù, ìyẹn ni pé orúkọ kì í sọ òtítọ́ nígbà gbogbo. Nonagon so ọ̀rọ̀ Látíìnì, nonus, ìkẹsàn-án, mọ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì, nígbà tí enneagon tó jẹ́ Gíríìkì látòkè délẹ̀ wà níbẹ̀. Rhombus àti trapezium kò ka nǹkan kan, nítorí trapezium kò ju tábìlì kékeré lọ ní Gíríìkì, ohun tí wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, trapezoid ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ẹni tó bá ní onígunmẹ́rin sábà máa ń ní èyí tó dọ́gba lọ́kàn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa yàrá tàbí férémù. Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò gbe àkọ́sórí lẹ́sẹ̀. Bí orúkọ bá ya kúrò nínú ìlànà, ẹni tó mọ ìlànà nìkan ló lè rí i pé ó yà. Euclid pàápàá bá ìṣòro onígunmẹ́rin yìí pàdé, nítorí tetragonon, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ igun mẹ́rin, ti di orúkọ èyí tó dọ́gba nìkan nínú ìwé rẹ̀, ó sì ní láti lo ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin fún gbogbo ìyókù. Ọ̀nà kan náà ṣí sílẹ̀ fún Yorùbá: kí a fi onígunmẹ́rin sílẹ̀ fún ìlò ojoojúmọ́, kí ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin jẹ́ orúkọ gbogbo ẹbí náà nínú ìwé ẹ̀kọ́. Ohun tí àwọn Gíríìkì fúnra wọn ní láti tún ṣe kò lè di ẹ̀rí pé Yorùbá kò yẹ fún ìmọ̀.

Ìkìlọ̀ kan tún yẹ fún àwọn tó fara mọ́ èrò àròkọ yìí. Bí olùkọ́ bá kọ penta, hexa, hepta sí apá kan pátákó, tó kọ aárùn-ún, ẹẹ́fà, eéje sí apá kejì, tó sì ní kí kíláàsì máa pè é tẹ̀lé òun, àkọ́sórí kan ló fi rọ́pò òmíràn. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ kò wúlò àfi bí ọmọ bá ń lò ó sí àwòrán tí kò rí rí. Ètò tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí àwòrán ṣáájú, kí ọmọ ka igun rẹ̀, kí ó fi Yorùbá sọ ọ́ lórúkọ, kí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ̀lé e, kí a tú u sí méjì, kí ọmọ sì fi apá kọ̀ọ̀kan wé ti Yorùbá tó ti sọ. Lẹ́yìn náà ni kí olùkọ́ fún un ní orúkọ tí kò gbọ́ rí, bíi pentadecagon, láìsọ ohunkóhun nípa rẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá yóò rí aárùn-ún àti ẹẹ́wàá nínú rẹ̀, kí ó sì pè é ní onígunmẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ tó bá ṣe èyí yóò tún kíyè sí i pé Gíríìkì fi márùn-ún kún mẹ́wàá, nígbà tí Yorùbá yọ márùn-ún kúrò nínú ogún, pé ọ̀nà méjì ló dé orí iye kan, ìyẹn fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ìwé kò ní.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le, kò sì náni lówó. Àjọ NERDC, tó ń rí sí ìwádìí àti ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jáde ní èdè Nàìjíríà mẹ́sàn-án, Yorùbá sì wà lára wọn, nítorí náà kí àwọn tó ń ṣe ìwé ìṣirò tẹ orúkọ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì lójú ewé kan náà, pẹ̀lú ìtumọ̀ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni má fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí láti kọ́ni ní jẹ́ọ́mẹ́tírì bí kò bá lè tú orúkọ àwòrán tó fẹ́ kọ́ni. Kí olùkọ́ tó wà ní kíláàsì lónìí ya onígunmẹ́fà tó wọ́ síbi kan, tí kò jọ ti inú ìwé, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kà á. Àwọn Gíríìkì, àwọn Lárúbáwá, àwọn ará Ṣáínà àti àwọn ará Jámánì fún ọmọ wọn ní orúkọ tó ń sọ iye igun tàbí iye ẹ̀gbẹ́ ní èdè tí ọmọ náà ń gbọ́. Ọmọ Yorùbá kò yẹ ní ohun tó kéré sí ìyẹn, olùkọ́ tó bá sì ń fún un ní ìró lásán dípò ìtumọ̀ ń fi ẹ̀tọ́ ọmọ náà dù ú.